Orí Kẹfà: Ìséde Ni àbí Òjò?

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 2020 ni ìjọba Togo kéde ẹni àkọ́kọ́ tó kó àrùn Kòrónà lórílẹ̀-èdè náà. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin, Ààrẹ Faure Gnassingbé bá ará ìlú sọ̀rọ̀, ó kéde ipò pàjáwìrì nípa ìlera. Lọ́jọ́ kejì, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Lomé àti agbègbè rẹ̀. Bí aago mẹ́jọ alẹ́ bá ti lù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde mọ́ títí di aago mẹ́fà òwúrọ̀. Ṣáájú ìgbà náà, láti ọjọ́ 20 oṣù kẹta, ni wọ́n ti ti ilé ẹ̀kọ́ pa, tí wọ́n sì ti ẹnu ibodè mọ́ èrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ẹrù ń kọjá.

Zanguéra wà lápá àríwá-ìwọ̀-oòrùn Lomé, lójú títì tó lọ sí Kpalimé. Irú àdúgbò tí ilé ti ń gba ilẹ̀ mọ́ oko lọ́wọ́ ni. Òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò tí apá wọn kò ká owó ilẹ̀ inú ìlú mọ́ ló ń lọ kọ́lé síbẹ̀, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ń tajà ní Assigamé, ọjà ńlá Lomé. Ní kùtùkùtù, ọ̀pọ̀ wọn á gun ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zémíjàn tàbí táksí wọ inú ìlú lọ. Alẹ́ ni wọ́n tó ń padà délé. Nítorí náà, tí o bá fẹ́ mọ ohun tí ìséde ṣe sí ìlò iná, irú ibẹ̀ yẹn ló yẹ kí o lọ wò, torí pé níbẹ̀ ni ìrìn-àjò ojoojúmọ́ àwọn ènìyàn ti yí padà jù.

Bi ará Zanguéra méjì léèrè, ó ṣeé ṣe kí o gbọ́ ìdáhùn méjì. Ọ̀kan á ní iná tí ilé òun jẹ lọ́dún náà kúrò ní kékeré: àwọn ọmọ wà nílé, tẹlifíṣọ̀n kò sinmi, fáànù kò sinmi. Èkejì, tó ní ibi ìtura tí wọ́n ti ń mu ọtí, á ní rárá, ó dínkù ni, torí pé ìgbà tí oníbàárà ń bẹ̀rẹ̀ sí í dé gan-an ni òun ń tilẹ̀kùn. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kẹta wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí kò sẹ́ni tó pè é wá jẹ́rìí, òun ni ojú ọjọ́. Èrò tèmi ni pé ojú ọjọ́ ló jẹ̀bi ọ̀pọ̀ ohun tí a di ru Kòrónà lọ́dún yẹn, òun náà ló sì yẹ ká dúpẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí iná Lomé ti ń wá

Ojú ọjọ́ kì í kan ẹni tó ń lo iná nìkan, ó ń kan ẹni tó ń ṣe é pẹ̀lú. CEET, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1963, ló ń pín iná fún ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní Togo. CEB, tí Togo àti Benin jọ dá sílẹ̀ ní 1968, ló bá àwọn méjèèjì ra iná lọ́wọ́ Gánà àti Nàìjíríà fún ìgbà pípẹ́. Ìsédò Nangbéto wà lórí odò Mono láti 1987, agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 65. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá ContourGlobal tó wà ní Lomé dé ní 2010, mẹ́gáwáàtì 100. Ti Kékéli ní èbúté Lomé àti ti oòrùn ní Blitta kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà ìséde. Ọdún 2021 ni àwọn méjèèjì tó dé.

Àwọn àgbà Lomé kò ní gbàgbé ọdún 1998. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú kí omi ìsédò Akosombo ní Gánà fà sẹ́yìn. Gánà kò rí iná tó fún ara rẹ̀, áḿbọ̀tórí èyí tí yóò tà fún aládùúgbò. Bí òjò ṣe kọ̀ láti rọ̀ ní àríwá Gánà àti ní Burkina Faso, níbi tí odò Volta ti ń ṣàn wá, bẹ́ẹ̀ ni òkùnkùn ṣe ń bo Lomé àti Cotonou. Èyí jẹ́ ká rí i pé òjò tó ń tan iná fún ọ lè má jẹ́ òjò tó ń rọ̀ sórí páànù rẹ.

Ohun kan tún wà tó yẹ ká mọ̀ nípa iná. A kò lè kó o pamọ́ sínú àká bí àgbàdo. Iye tí gbogbo ìlú ń lò ní ìṣẹ́jú yìí gẹ́lẹ́ ni ilé-iṣẹ́ amúnáwá gbọ́dọ̀ máa ṣe ní ìṣẹ́jú yìí gẹ́lẹ́. Bí ọ̀kan bá fi ju èkejì lọ, gbogbo ètò náà lè dojú dé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó jókòó ti ẹ̀rọ fi ń gbìyànjú láti mọ ohun tí ìlú yóò lò lọ́la, wákàtí sí wákàtí. Wọ́n ń wo ọjọ́ tó jẹ́, wọ́n ń wo ọdún àti àjọ̀dún, wọ́n sì ń wo ojú ọ̀run. Nígbà tó di 2020, ohun kan wọlé tí kò sí nínú ìwé wọn.

Ohun tí ayé rí lọ́dún 2020

Níbi tí wọ́n ti ti ìlú pa pátápátá, tọ̀sán-tòru, ìlò iná já wálẹ̀. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára, IEA, ròyìn lọ́dún náà pé ó já ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ìséde le jù ní àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan. Ìlò iná ọjọ́ Ajé wá jọ ti ọjọ́ Àìkú: owúrọ̀ kò yára gbéra, ọ̀sán kò ga, torí pé ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti ọ́fíìsì wà ní títì. Ìlò inú ilé lọ sókè o, ṣùgbọ́n kò tó láti dí àlàfo tí ilé-iṣẹ́ fi sílẹ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù lọ wá láti Íńdíà. Olórí ìjọba wọn, Narendra Modi, ní kí gbogbo ènìyàn pa iná ilé wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2020, kí wọ́n tan àbẹ́là tàbí àtùpà láti fi hàn pé ará ìlú wà níṣọ̀kan. Gílóòbù nìkan ló ní kí wọ́n pa. Àwọn tó ń darí iná níbẹ̀ ti ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 12,000 sí 13,000 ni yóò já. Nígbà tí aago lù, èyí tó já ju 31,000 lọ. Ẹ fi wé Nangbéto: ìsédò bí irú rẹ̀ tó ju irínwó lọ ni wọ́n ní láti rọ̀ wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n sì tún gbé e dìde. Àwọn ìsédò omi wọn ni wọ́n fi gba ara wọn là, torí ẹ̀rọ olómi ni a lè yára dín kù, tí a sì lè yára mú lọ sókè.

Mo mẹ́nu kan Íńdíà torí ọ̀rọ̀ wákàtí. Gílóòbù kan kò jẹ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ènìyàn bá ṣe ohun kan náà ní wákàtí kan náà, iṣẹ́ dé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni aago mẹ́jọ alẹ́ Lomé rí: àṣẹ kan ṣoṣo tó kó gbogbo ìlú wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Lomé kì í ṣe Milan

Aṣìṣe tí àwọn kan ń ṣe ni pé wọ́n ka ìròyìn Ítálì àti Faransé, wọ́n sì kàn mú un wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láìyí i padà. Togo kò ti ìlú pa lọ́sàn-án. Èbúté Lomé ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń ta ẹ̀wà ń ta ẹ̀wà. Òru ni ìséde náà bọ́ sí, nítorí náà òru àti ìrọ̀lẹ́ ló yẹ ká ti wá ipa rẹ̀.

Kí ló wá ń lo iná nírọ̀lẹ́ ní àdúgbò bíi Zanguéra? Ibi ìtura tí wọ́n ti ń mu bíà, pẹ̀lú firíìjì ńlá àti gbohùngbohùn. Onígbàjámọ̀ tí oníbàárà rẹ̀ ń dé lẹ́yìn iṣẹ́. Télọ̀ tó ń fi ayọ́ọ̀nù mú ìrán aṣọ dúró, ayọ́ọ̀nù tí í fa wáàtì 1,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí iná àti máìkì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ di òwúrọ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí dákẹ́ tàbí kí wọ́n kó ẹsẹ̀ jọ. Àwọn ènìyàn wọn sì wọlé lọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: firíìjì ọtí kan kò ní ìdí láti dákẹ́ nítorí pé ilẹ̀kùn wà ní títì, bí olówó rẹ̀ kò bá yọ ọ́, ó ń jẹ iná lọ ni. Ṣùgbọ́n firíìjì tí ẹnikẹ́ni kò ṣí kì í jẹ iná tó èyí tí wọ́n ń ṣí ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Irú ohun kéékèèké báyìí ló ń kóra jọ.

Owó ìrànwọ́ Novissi pàápàá, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́ láti ọjọ́ 8 oṣù kẹrin, orí fóònù ló gbà wọlé. Nígbà náà, obìnrin ní Lomé ń gba sẹ́fà 12,250 lóṣù, ọkùnrin 10,500, ìdajì lẹ́ẹ̀kan. Fóònù kò wá gbọdọ̀ kú. Ṣùgbọ́n ẹ má ba fóònù wí: yúníìtì iná kan ṣoṣo, ìyẹn wáàtì 1,000 fún wákàtí kan, yóò mú bátìrì fóònù kan kún ju àádọ́ta ìgbà lọ.

Ẹlẹ́rìí tí a kò pè

Òjò Lomé kò pọ̀ tó ti Èkó. Etíkun láti ìlà-oòrùn Gánà dé Benin gbẹ ju èyí tó wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ lọ. Òjò ọdún kan ní Lomé kì í sábà pé mìlímítà 1,000, nígbà tí ti Èkó ń kọjá 1,500. Oṣù kejì sí oṣù kẹrin ni ooru mú jù. Òjò ńlá á bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta àti ìkẹrin, á sì le sí i ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà. Oṣù keje àti ìkẹjọ ni ara ń tutù jù. Òjò kékeré á tún padà wá ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, lẹ́yìn náà ọyẹ́ á dé.

Ẹnìkan á ní, dígírì mélòó gan-an ló wà láàárín oṣù kẹta àti oṣù kẹjọ? Bíi mẹ́ta. Ìpíndọ́gba ooru ọ̀sán àti òru ní oṣù kẹta ń sún mọ́ 29, ti oṣù kẹjọ ń sún mọ́ 26. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Àmọ́ àwọn onímọ̀ ìlò iná kì í kà á láti òdo. Wọ́n á mú ààlà kan, èyí tí ara kì í béèrè fáànù nísàlẹ̀ rẹ̀, ká ní 24. Wọ́n á wá ka iye tí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fi kọjá rẹ̀, wọ́n á sì ro ó pọ̀. Ọjọ́ 31 tó kọjá ààlà ní dígírì 5 fún wa ní 155. Ọjọ́ 31 tó kọjá ní dígírì 2 fún wa ní 62. Dígírì mẹ́ta péré, ìbéèrè fún ìtutù sì ti fi ju ìlọ́po méjì lọ.

Ẹ tún fi ọ̀rinrin kún un. Lomé jókòó sétí òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kún fún omi, òógùn kì í tètè gbẹ lára. Òru oṣù kẹta àti ìkẹrin ń rìn ní àyíká dígírì 25, kì í sábà lọ sísàlẹ̀ púpọ̀, nítorí náà fáànù tí ìbá sinmi láàárín òru ń yí títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹni tó ní ẹ̀rọ amúlétutù tún ń sanwó lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀rọ náà ní láti mú afẹ́fẹ́ tutù, ó sì ní láti fún omi inú rẹ̀ jáde. Omi tó ń kán láti ẹ̀yìn rẹ̀ sára ògiri, iná ni wọ́n fi fún un.

Firíìjì ló sì jẹ́ ọ̀daràn tí kò pariwo. Kò sẹ́ni tó ń tan firíìjì nítorí ooru. Ó wà ní títàn tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó ooru inú rẹ̀ dà síta, láti ara irin dúdú tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí yàrá bá tutù, ooru náà á rọrùn láti dà nù, mọ́tò á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á sì dákẹ́. Bí yàrá bá gbóná, tí wọ́n sì tún ti ẹ̀yìn firíìjì mọ́ ògiri bí a ti máa ń ṣe nínú yàrá tó há, ooru kò rí ibi gbà, mọ́tò á máa kùn ṣáá. Ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn tiyín lọ́sàn-án oṣù kẹta, kí ẹ tún gbé e lé e láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ọwọ́ yín á sọ ìyàtọ̀ rẹ̀ fún yín.

Ìdẹkùn tó wà nínú kàlẹ́ńdà

Ìséde Lomé bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin, nígbà tí ooru ṣì wà lójú rẹ̀. Wọ́n mú un kúrò ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ti gbilẹ̀. Ìyẹn ni pé ìséde àti òjò jọ rìn ni. Ẹni méjì tó bá jọ gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, òṣùwọ̀n á sọ iye tí àwọn méjèèjì jọ wọ̀n, kò ní sọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mítà CEET náà kò lè sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ, ilé tí mo fọwọ́ ara mi ṣírò: firíìjì kan tó ń fa wáàtì 100 nígbà tí mọ́tò rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, fáànù kan tó jẹ́ wáàtì 60, tẹlifíṣọ̀n wáàtì 80, gílóòbù LED márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 9. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, kí wọ́n tó ti ilé ẹ̀kọ́, mọ́tò firíìjì ń ṣiṣẹ́ fún ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́, fáànù ń yí fún wákàtí mẹ́wàá, tẹlifíṣọ̀n wákàtí mẹ́rin, gílóòbù wákàtí márùn-ún. Tí a bá ro ó pọ̀, ó jẹ́ nǹkan bíi yúníìtì 2.6 lóòjọ́.

Nísinsìnyí, ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà. Ìséde ṣì wà, àwọn ọmọ kéékèèké wà nílé, tẹlifíṣọ̀n ti di wákàtí mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n òjò ti mú ilé tutù: mọ́tò firíìjì wá sí ìdá 40, fáànù ń yí fún wákàtí mẹ́fà péré. Àròpọ̀ rẹ̀: nǹkan bíi 2.3. Ẹni tó bá fi oṣù kẹta wé oṣù kẹfà á jókòó, á sì kọ̀wé pé ìséde dín iná inú ilé kù. Irọ́ ni. Tí kò bá sí ìséde rárá, tí àwọn ọmọ bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nínú òjò kan náà, tẹlifíṣọ̀n á jẹ́ wákàtí mẹ́rin, fáànù á jẹ́ mẹ́rin, ilé yẹn ìbá sì lo bíi 1.7. Ìséde gbé e sókè ní bíi ìdajì yúníìtì. Òjò ló fà á wálẹ̀, tó sì bo ẹsẹ̀ ìséde mọ́lẹ̀. Ìṣirò kan náà tó sọ pé ó dínkù ló ń sọ pé ó pọ̀ sí i, ohun tí o bá fi wé ló ń pinnu.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ ọ̀kan kúrò lórí òṣùwọ̀n? Wọ́n á lọ wo àwọn ọdún tí Kòrónà kò sí, ká ní 2017 sí 2019. Ní àwọn ọdún yẹn, ojú ọjọ́ nìkan ló gun òṣùwọ̀n. Wọ́n á kó ìlò iná ọjọ́ kọ̀ọ̀kan jọ, kí wọ́n sì to ooru, ọ̀rinrin àti òjò ọjọ́ náà tì í. Láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ̀ pé bí ooru bá fi dígírì kan lọ sókè, ìlò iná Lomé á fi báyìí lọ sókè. Wọ́n á tún ya ọjọ́ Àìkú sọ́tọ̀, torí Àìkú kì í jọ Ajé. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á mú ojú ọjọ́ 2020 gan-an, ooru rẹ̀ àti òjò rẹ̀, wọ́n á ṣírò iye iná tó yẹ kí ìlú lò ká ní kò sí àrùn. Wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí mítà kà. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ti ìséde.

Tàbí ká sọ pé ohun tó ṣẹ́ kù ni ti ìséde àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù kẹrin lọ́dún náà, Ààwẹ̀ Ramadan bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹrin, ó sì parí nígbà tí oṣù karùn-ún ń lọ sópin. Ilé Mùsùlùmí ń jí ṣe sààrì ní ìdájí, iná ń tàn níbi tó máa ń ṣókùnkùn. Kàlẹ́ńdà òṣùpá sì ń sún síwájú lọ́dọọdún, nítorí náà oṣù karùn-ún 2020 kò ní bá ti 2017 dọ́gba tán. Ọgọ́ta ọdún òmìnira Togo, ọjọ́ 27 oṣù kẹrin, bọ́ sáàárín ìséde pẹ̀lú. Ọjọ́ tí ìbá jẹ́ ti ariwo àti ìlù.

Ohun tí mítà kò rí

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Ìjọba Togo sọ omi àti iná di ọ̀fẹ́ fún oṣù mẹ́ta fún àwọn tó wà ní ìpele ìsàlẹ̀, ìyẹn àwọn tí iná tí wọ́n ń lò kò pọ̀. Gánà ṣe irú rẹ̀: ẹni tí kò ju yúníìtì 50 lọ lóṣù kò sanwó, àwọn yòókù san ìdajì. Ohun ọ̀fẹ́ ń yí ọwọ́ ènìyàn padà. Ẹni tó ń pa fáànù nítorí owó lè jẹ́ kó máa yí. Ipa ìyẹn náà á sá pamọ́ sínú èyí tí a pè ní ti ìséde.

Mo ní ẹ̀sùn kan sí ètò ìpele yìí, kì í ṣe ti Togo nìkan. Ní àwọn àdúgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ní ẹ̀yìn Lomé, mítà kò tíì kárí ilé. Ẹni tí kò ní mítà ń fa wáyà láti ilé aládùúgbò, wáyà á gba orí igi àti orí ògiri kọjá bí òwú aláǹtakùn. Orúkọ aláǹtakùn náà ni àwọn elédè Faransé ibẹ̀ fi ń pè é. Ilé mẹ́rin, márùn-ún, lè so mọ́ mítà kan. Ilé kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ tálákà tó ń tan gílóòbù méjì, ṣùgbọ́n àròpọ̀ wọn lórí mítà kan á gbé wọn kọjá ìpele ọ̀fẹ́. Bí ìrànwọ́ bá gba orí mítà kọjá, ẹni tí kò ní mítà ló ń fò dá, òun ló sì nílò rẹ̀ jù.

Ti mítà Cash Power, tí a ń rà sílẹ̀ kí a tó lò, tún ní tirẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìgbà tí ènìyàn ra iná kì í ṣe àkọsílẹ̀ ìgbà tó lò ó. Ẹni tó bá gbọ́ pé ìséde ń bọ̀ lè lọ ra ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹni tó bá wo ìwé títà á rò pé iná ń jó lọ́jọ́ náà.

Iná tó lọ náà wà níbẹ̀. Ìjì tó ń ṣáájú òjò ní oṣù kẹrin ń wó igi lu wáyà, àrá ń pa tiráńsífọ́mà. Wákàtí tí iná kò sí, mítà á kọ òdo, kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó fẹ́ lo iná. Ní Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Nígbà tí wọ́n ti Èkó pa láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2020, jẹnẹrétọ̀ ńláńlá tó ń kùn lẹ́yìn ọ́fíìsì ní Marina àti Victoria Island dákẹ́, ti kékeré sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lójú fèrèsé nínú ilé. Kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì tó fara hàn nínú ìwé àwọn tó ń pín iná. Iye epo tí wọ́n rà nìkan ló lè sọ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn àtijọ́

Ìséde ti lọ, ooru kò lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ooru òun ọ̀rinrin bo gúúsù Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà débi pé bó ṣe ń rí lára dé nǹkan bíi dígírì 50. Àwọn onímọ̀ World Weather Attribution yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ìyípadà ojú ọjọ́ tí ọwọ́ ènìyàn fà ti mú kí irú rẹ̀ ṣeé ṣe ní ìlọ́po mẹ́wàá ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Lọ́wọ́ kan náà, Togo ń lé iná lọ sí gbogbo ilé. Láti 2018 ni ìjọba ti fi 2030 ṣe gbèdéke. Ilé tuntun tó bá rí iná á kọ́kọ́ ra gílóòbù, á ra fáànù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà firíìjì. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ti ń pọ̀ sí i ní Zanguéra, bẹ́ẹ̀ ni dígírì kan ṣoṣo yóò máa fa iná púpọ̀ sí i. Tiráńsífọ́mà kan náà tí wọ́n ń di ẹrù lé lórí kò sì lágbára tó nínú ooru bó ṣe ní in nínú òtútù. Pánẹ́ẹ̀lì oòrùn pẹ̀lú, bí oòrùn ti ń mú un gbóná, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń jò dànù díẹ̀díẹ̀, bíi ìdá 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún fún dígírì kọ̀ọ̀kan tó bá fi kọjá 25.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn tó ń pín iná ní Lomé, Cotonou àti Èkó pé kí wọ́n jẹ́ kí ará ìlú máa rí ìlò iná àdúgbò wọn, wákàtí sí wákàtí, àti wákàtí tí iná kò sí. Láìsí ìyẹn, àròsọ ni a óò máa sọ nígbà tí àrùn mìíràn bá tún dé.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí kò ní láti dúró dè wọ́n. Mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, kọ iye tó wà lójú mítà rẹ sílẹ̀ ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́. Kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá òjò rọ̀, bóyá òru gbóná, ènìyàn mélòó ló wà nílé lọ́sàn-án, àti wákàtí tí iná lọ. Jẹ́ kó gba inú ooru kọjá, kó sì wọ inú òjò, kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọmọ jà nítorí tẹlifíṣọ̀n.